Módẹ́ẹ̀mù Tó Mọ Ìgbà Tó Yẹ Kó Gbé Fóònù Sílẹ̀: Íntánẹ́ẹ̀tì Orí Tẹlifóònù àti Ímeèlì Tó Ń Dá Ṣiṣẹ́ Lórí Debian

Kí módẹ́ẹ̀mù, ẹ̀rọ tó ń gbé ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà gba orí wáyà tẹlifóònù, pe olùpèsè íntánẹ́ẹ̀tì kò le. Wàhálà ibẹ̀ ni kó pè fúnra rẹ̀, kó kó lẹ́tà wọlé, kó fi èyí tó wà nílẹ̀ ránṣẹ́, kó sì gbé fóònù sílẹ̀ láìsí ẹni tó jókòó tì í. Ibi gbígbé fóònù sílẹ̀ yẹn ni owó ti ń jò. Mo ti jí láàárọ̀ ọjọ́ kan rí tí mo bá líìnì mi lójú pípè, láti aago mẹ́wàá alẹ́ àná, nítorí pé ètò kan nínú kọ̀ǹpútà ń bi sáfà (kọ̀ǹpútà tó ń dá àwọn mìíràn lóhùn) léèrè ohun tí aago sọ ní gbogbo ìgbà. Lẹ́tà kankan ò wọlé ní gbogbo òru yẹn. Ìwé owó tẹlifóònù ló wọlé ní ìparí oṣù.

Nítorí náà, a ó kọ́ módẹ́ẹ̀mù yìí bí a ṣe ń dákẹ́ kí a tó jẹ́ kó máa dá sọ̀rọ̀. Debian, ọ̀kan lára àwọn irú Linux, ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ. Ubuntu àti àwọn ìbátan rẹ̀ kò yàtọ̀ púpọ̀. Mo mọ̀ pé wvdial wà, pppconfig náà wà, àwọn ètò tó ń bá ènìyàn ṣètò ìpè. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ṣùgbọ́n fáìlì tí a fọwọ́ kọ ni mo yàn, torí pé lọ́jọ́ tó bá bàjẹ́, ẹ ó lè nàka sí ìlà tó bàjẹ́.

Ohun tó gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀

Módẹ́ẹ̀mù tó ń dá ṣe iṣẹ́ ara rẹ̀. Èyí tó wà níta, tó ní wáyà serial tàbí USB, ló dára jù. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó wà nínú laptop àtijọ́ kì í ṣe odidi módẹ́ẹ̀mù: ìdajì iṣẹ́ wọn wà lọ́wọ́ ètò tí wọ́n kọ fún Windows. Ẹ má fi ọjọ́ mẹ́ta ṣòfò lórí irú rẹ̀. Tó bá jẹ́ ti USB, èyí tó bá yọjú ní /dev/ttyACM0 kò ní béèrè ohunkóhun mìíràn lọ́wọ́ yín.

Líìnì tẹlifóònù oníwáyà gidi. Tí tẹlifóònù ilé yín bá ń gba inú íntánẹ́ẹ̀tì kọjá, ohùn ènìyàn lè dún geere nínú rẹ̀ kí ohùn módẹ́ẹ̀mù máa já síbẹ̀.

Láti ọ̀dọ̀ olùpèsè: nọ́mbà tí a ń pè, orúkọ àti páásíwọọ̀dù. Láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tọ́jú ímeèlì yín: orúkọ sáfà POP3 (ibi tí a ti ń kó lẹ́tà), orúkọ sáfà SMTP (ibi tí a ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ gbà), àti páásíwọọ̀dù. Ọ̀pọ̀ wọn kì í gba páásíwọọ̀dù tí ẹ fi ń wọlé lójoojúmọ́ mọ́ láti ọwọ́ irú ètò tí a fẹ́ lò yìí. Ẹ lọ sí ojúewé ààbò wọn, kí ẹ ṣe páásíwọọ̀dù ọ̀tọ̀ fún ètò yìí nìkan.

Àwọn ètò: ppp (fún ìpè), minicom (fún bíbá módẹ́ẹ̀mù sọ̀rọ̀), fetchmail (fún kíkó lẹ́tà wọlé), postfix (fún fífi lẹ́tà ránṣẹ́), libsasl2-modules, ca-certificates, tcpdump (fún wíwo ohun tó ń kọjá lórí líìnì), mutt (fún kíka lẹ́tà). Ọ̀fìn kan wà níbí tí gbogbo ènìyàn ń já sí: kọ̀ǹpútà tí kò tíì ní íntánẹ́ẹ̀tì kò lè fi apt wa nǹkan. Ẹ yá íntánẹ́ẹ̀tì láti ara fóònù tàbí ibòmíràn fún wákàtí kan, ẹ fi sori ẹ̀rọ:

    apt install ppp minicom fetchmail postfix libsasl2-modules ca-certificates tcpdump mutt

Nígbà tí Postfix bá béèrè irú ètò tí ẹ fẹ́, ẹ mú "Internet with smarthost". Ẹ má mú "Satellite system", torí pé ìyẹn ń ti gbogbo lẹ́tà síta, títí kan èyí tó yẹ kó dúró sílé. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ íntánẹ́ẹ̀tì àyálò yẹn kúrò pátápátá. Ìdí rẹ̀ ń bọ̀ níwájú.

1. Ṣé módẹ́ẹ̀mù ń dáhùn?

Ẹ ki módẹ́ẹ̀mù bọ kọ̀ǹpútà, kí ẹ wo orúkọ tí Linux fún un:

    dmesg | grep tty

ttyS0 ni ti serial àtijọ́. ttyUSB0 ni ti wáyà tó ń sọ serial di USB. ttyACM0 ni ti módẹ́ẹ̀mù USB. ttyACM0 ni màá máa kọ. Ẹ fi tiyín rọ́pò rẹ̀. Ẹ fi ara yín sínú ẹgbẹ́ tó lẹ́tọ̀ọ́ sí i (emi ni orúkọ oníṣẹ́ nínú àpẹẹrẹ mi), kí ẹ jáde, kí ẹ sì tún wọlé, torí pé ẹgbẹ́ tuntun kì í mú lójú ẹsẹ̀:

    adduser emi dialout
    adduser emi dip
    systemctl disable --now ModemManager

Ìlà kẹta yẹn ṣe pàtàkì. ModemManager máa ń sáré dì mọ́ gbogbo módẹ́ẹ̀mù tó bá rí, láti mọ̀ bóyá ti fóònù alágbèéká ni. Bí minicom bá sọ pé ẹnìkan ti ti ojú ibẹ̀ pa, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Tí kò bá sí lórí ẹ̀rọ yín, ẹ kọjá.

    minicom -D /dev/ttyACM0 -b 115200

Ẹ tẹ AT, kí ẹ tẹ Enter. OK ló gbọ́dọ̀ fi dáhùn. Bí OK bá jáde ṣùgbọ́n ẹ ò rí ohun tí ẹ ń tẹ̀, ẹ tẹ ATE1. Bí gbogbo rẹ̀ bá dákẹ́ rọ́rọ́, ojú ẹ̀rọ (/dev) tí ẹ mú ni kò tọ́, tàbí kí wáyà má wọlé dáadáa.

Ó yá, ẹ fi ọwọ́ pè é: ATDT, kí nọ́mbà tẹ̀ lé e láìsí àlàfo. Ẹ ó gbọ́ ohùn líìnì, títẹ nọ́mbà, lẹ́yìn náà igbe burúkú yẹn tí gbogbo wa mọ̀, kí CONNECT tó jáde. Tó bá jẹ́ líìnì ọ́fíìsì, tí ẹ gbọ́dọ̀ tẹ 9 kí ẹ tó jáde síta, ẹ kọ ọ́ báyìí: ATDT9,,nọ́mbà. Kọ́mà kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìdúró ìṣẹ́jú-àáyá méjì. Tí NO DIALTONE bá jáde nígbà tí ẹ mọ̀ pé líìnì ń ṣiṣẹ́, ó ṣeé ṣe kí ohùn tó ń sọ pé ẹnìkan fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún yín máa da módẹ́ẹ̀mù láàmú. Ẹ tẹ ATX3 ṣáájú ATDT, kò ní dúró de ohùn líìnì mọ́.

Ẹ wo ohun tó jáde lẹ́yìn CONNECT dáadáa. Tó bá jẹ́ ìlà rúdurùdu tó kún fún ~ àti }, inú yín á dùn: PPP (èdè tí kọ̀ǹpútà méjì fi ń sọ ọ̀rọ̀ íntánẹ́ẹ̀tì lórí líìnì tẹlifóònù) ni olùpèsè ń sọ yẹn, ó sì ń dúró de èsì. Tó bá jẹ́ "login:" ni, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe rí i. A ó padà sí i. Ẹ tẹ +++ láìtẹ Enter, ẹ dúró díẹ̀, ẹ tẹ ATH kí líìnì já. Ctrl-A àti X ni a fi ń jáde nínú minicom.

Ìpele yìí yege tí ẹ bá rí OK, tí ẹ rí CONNECT, tí líìnì sì já nígbà tí ẹ ní kó já.

2. Fáìlì mẹ́ta

Èkínní, /etc/chatscripts/leta, ni ọ̀rọ̀ tí kọ̀ǹpútà yóò bá módẹ́ẹ̀mù sọ:

    ABORT BUSY
    ABORT "NO CARRIER"
    ABORT "NO ANSWER"
    ABORT "NO DIALTONE"
    ABORT "NO DIAL TONE"
    "" ATZ
    OK ATDT0000000
    TIMEOUT 75
    CONNECT \d\c

Ẹ fi nọ́mbà olùpèsè rọ́pò àwọn òdo yẹn. Nínú ìpele yìí, oruko àti asiri dúró fún orúkọ àti páásíwọọ̀dù tí olùpèsè fún yín. Mo kọ NO DIALTONE ní ọ̀nà méjì torí pé módẹ́ẹ̀mù kan ń so ó pọ̀, òmíràn ń là á. TIMEOUT náà kì í ṣe ọ̀ṣọ́: tí ẹ ò bá kọ ọ́, 45 ìṣẹ́jú-àáyá ni chat (ètò tó ń ka fáìlì yìí fún módẹ́ẹ̀mù) yóò fi dúró, igbe àwọn módẹ́ẹ̀mù méjì sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí líìnì tí kò mọ́. Ọ̀pọ̀ ló ti tipa èyí bú olùpèsè wọn lásán.

Tó bá jẹ́ "login:" ni ẹ rí ní ìpele kìíní, ẹ fi ìlà mẹ́ta yìí rọ́pò ìlà tó kẹ́yìn:

    CONNECT ""
    ogin: oruko
    word: \qasiri

A gé lẹ́tà àkọ́kọ́ kúrò torí pé ó lè jẹ́ ńlá, ó lè jẹ́ kékeré, ó sì lè sọnù lójú ọ̀nà. \q ni kò ní jẹ́ kí páásíwọọ̀dù wọ inú àkọsílẹ̀.

Èkejì, /etc/ppp/peers/leta:

    /dev/ttyACM0
    115200
    connect "/usr/sbin/chat -v -f /etc/chatscripts/leta"
    user "oruko"
    noauth
    noipdefault
    defaultroute
    usepeerdns
    lock
    modem
    crtscts
    hide-password
    updetach
    ipparam leta
    idle 120
    maxconnect 900
    lcp-echo-interval 30
    lcp-echo-failure 4

Ìlà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn ni olùṣọ́ àpò yín. idle 120: bí nǹkan kan ò bá kọjá lórí líìnì fún ìṣẹ́jú méjì, ó já. maxconnect 900: ohun yòówù kó máa lọ, ìṣẹ́jú 15 ni òpin. Àwọn méjì yòókù ń ṣàyẹ̀wò ní 30 ìṣẹ́jú-àáyá bóyá ẹni tó wà lápá kejì ṣì wà láàyè. Bó bá kùnà láti dáhùn lẹ́ẹ̀mẹ́rin, a gbé fóònù sílẹ̀. Ẹ má fi persist kún un. persist túmọ̀ sí pé tí líìnì bá já, kó tún pè, ìyẹn gan-an sì ni a kò fẹ́.

Ẹ̀kẹta, /etc/ppp/pap-secrets, ẹ fi ìlà kan kún un, kí ẹ sì dà á kọ sínú chap-secrets náà:

    "oruko" * "asiri"

Orúkọ inú fáìlì yìí àti èyí tó wà níwájú user gbọ́dọ̀ bára mu lẹ́tà sí lẹ́tà. Tí olùpèsè bá ní kí ẹ fi @ àti ohun tó tẹ̀ lé e sí i, ẹ kọ gbogbo rẹ̀ ní ibi méjèèjì. Ẹ tẹ chmod 600 lé fáìlì méjèèjì.

3. Ẹ pè é, kí ẹ sì wò ó bó ṣe ń gbé fóònù sílẹ̀

Ẹ ṣí terminal méjì gẹ́gẹ́ bí root (alábòójútó ẹ̀rọ). Nínú èkínní ni a ó ti máa ka àkọsílẹ̀, torí pé bí a bá ń sunkún, à á máa ríran:

    journalctl -f -t pppd -t chat

Nínú èkejì:

    pon leta; echo $?

Nítorí updetach, pon (àṣẹ tó ń pe olùpèsè) kò ní padà títí líìnì yóò fi wọlé tàbí tí yóò fi kùnà. Nọ́mbà tó bá jáde ló máa sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. 0: ó ti wọlé. 7: kò rí ojú módẹ́ẹ̀mù ṣí, ẹ wo /dev tí ẹ kọ. 8: chat kùnà, BUSY tàbí NO CARRIER yóò wà nínú àkọsílẹ̀. 10: ìjíròrò PPP kò yọrí. 16: líìnì já lójijì. 19: olùpèsè kò gba orúkọ tàbí páásíwọọ̀dù.

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta wà nínú àkọsílẹ̀ tó máa ń ṣi àwọn ènìyàn lọ́nà. "Receive serial link is not 8-bit clean" ń mú wọn lọ ra wáyà tuntun. Lọ́pọ̀ ìgbà, wáyà kò ṣe nǹkan kan, olùpèsè ṣì ń béèrè login ni nígbà tí tiwa ti bẹ̀rẹ̀ PPP. Ẹ padà sí ìlà "ogin:". "The remote system is required to authenticate itself" túmọ̀ sí pé ẹ gbàgbé noauth. "not replacing existing default route" sì ni ìdí tí mo fi ní kí ẹ yọ íntánẹ́ẹ̀tì àyálò: ọ̀nà àbájáde kan ti wà nílẹ̀, pppd (ètò tó ń sọ PPP) sì bọ̀wọ̀ fún un. Líìnì yóò wọlé, owó yóò máa lọ, ṣùgbọ́n ohunkóhun kò ní gba ibẹ̀ kọjá.

Tí 0 bá jáde:

    ip addr show ppp0
    ping -c 3 9.9.9.9
    ping -c 3 debian.org

Kí èsì ping gba 150 ms kì í ṣe àìsàn, bí tẹlifóònù ṣe rí nìyẹn. Tí ti nọ́mbà bá dáhùn, tí ti orúkọ kò dáhùn, DNS (ohun tó ń sọ orúkọ di nọ́mbà) ni: ẹ wo ohun tí usepeerdns kọ sínú /etc/ppp/resolv.conf, kí ẹ sì rí i pé ó wà nínú /etc/resolv.conf.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń jó tí wọ́n sì ń pa á tì nìyí. Ẹ má tíì jó. Ẹ ká ọwọ́ yín kúrò lórí ẹ̀rọ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta. Àkọsílẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ pé:

    Terminating connection due to lack of activity.

Tí kò bá sọ ọ́, ẹnìkan ń sọ̀rọ̀. Ẹ gbọ́ ẹni náà:

    tcpdump -n -i ppp0

Tí ẹ bá rí .123 lẹ́yìn nọ́mbà, ètò tó ń tún aago ṣe ni. Tó bá jẹ́ .80 tàbí .443 láìsí ẹni tó ṣí ojúewé kankan, apt ló ń wá ìmúdójúìwọ̀n níkọ̀kọ̀, tàbí búráúsà tí ẹ gbàgbé síta. Tó bá jẹ́ .53 nìkan ló ń tún wá, ètò kan ń wá orúkọ tí kò rí. Ẹ pa àwọn méjì tó wọ́pọ̀ jù lẹ́nu mọ́:

    systemctl disable --now systemd-timesyncd
    systemctl disable --now apt-daily.timer apt-daily-upgrade.timer

Ẹ má wá fi aago sílẹ̀ láìní alábòójútó o. Tí aago kọ̀ǹpútà bá yàtọ̀ gidigidi sí ti ayé, ìwé ẹ̀rí sáfà ímeèlì yóò dà bí èyí tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá, fetchmail yóò sì kọ̀ láti wọlé. Ẹ fi chrony, ètò aago mìíràn, rọ́pò ohun tí ẹ pa. Ti Debian mọ ìgbà tí ppp wọlé àti ìgbà tó jáde. Bí òun náà bá wá ń dí líìnì lọ́wọ́ láti já, ìlà yìí nínú peers/leta yóò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ aago kọjá láìjẹ́ pé a ka á sí iṣẹ́:

    active-filter "not udp port 123"

Ẹ tún pè é, kí ẹ tún dúró. Ẹ má lọ sí ìpele kẹrin títí ẹ ó fi rí "lack of activity" lẹ́ẹ̀mejì léra wọn.

4. Kíkó lẹ́tà wọlé

Gẹ́gẹ́ bí emi, kì í ṣe root, ẹ kọ ~/.fetchmailrc:

    poll pop.example.com protocol pop3
        user "emi@example.com" there
        password "asiri"
        is emi here
        ssl
        keep
        limit 300000

Ẹ tẹ chmod 600 ~/.fetchmailrc, tí ẹlòmíràn bá lè ka fáìlì náà, fetchmail yóò kọ̀ láti ṣiṣẹ́, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀.

limit ló máa gbà yín. Módẹ́ẹ̀mù 56k kì í gbé 56k délé: lórí líìnì tó dára, KB mẹ́rin sí márùn-ún ni ẹ lè retí ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Àwòrán kan tó jẹ́ MB 3 yóò di MB 4 nínú lẹ́tà, torí pé bí wọ́n ṣe ń di nǹkan mọ́ ímeèlì ń fi ìdá kan nínú mẹ́ta kún un. Ìyẹn jẹ́ bí ìṣẹ́jú 15, gbogbo maxconnect yín, fún àwòrán kan ṣoṣo. Tí kò bá sì parí, ẹ̀ẹ̀kan sí i lọ́la láti ìbẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, ohun tó bá ju 300,000 báìtì lọ, kó dúró lọ́dọ̀ sáfà. Lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ ẹ lóòótọ́, ẹ gbé maxconnect sókè, ẹ fi ọwọ́ pè, kí ẹ sì tẹ fetchmail -l 0.

Ìdánwò: ẹ tẹ pon leta gẹ́gẹ́ bí root, kí emi wá tẹ

    fetchmail -c
    fetchmail -v

Èkínní ń ka iye lẹ́tà láìkó wọn. Èkejì ń kó wọn, ó sì ń sọ gbogbo ohun tó ń ṣe. Tó bá parí pẹ̀lú 1, kì í ṣe àṣìṣe; kò sí lẹ́tà tuntun ni. Ẹ ṣí mutt: ṣé lẹ́tà wà níbẹ̀? Tí fetchmail bá ní òun ti gbé e kalẹ̀ tí mutt kò rí nǹkan, ó ṣeé ṣe kí "Satellite system" tí mo kìlọ̀ fún yín wà nídìí rẹ̀: Postfix ti tún ń ti lẹ́tà yín síta. dpkg-reconfigure postfix ni ẹ ó fi tún un ṣe.

keep ń fi ẹ̀dà sílẹ̀ lọ́dọ̀ sáfà. Ẹ fi sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, títí ọkàn yín yóò fi balẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ yọ ọ́, torí pé bí lẹ́tà ṣe ń pọ̀ sí i lọ́hùn-ún ni kíkà wọn ń jẹ àkókò líìnì sí i.

5. Fífi lẹ́tà ránṣẹ́

Ohun tí a fẹ́ ni kí ẹ lè kọ lẹ́tà nígbàkúùgbà, kí Postfix gbà á, kí ó sì jókòó tì í títí líìnì yóò fi ṣí.

    postconf -e 'relayhost = [smtp.example.com]:587'
    postconf -e 'defer_transports = smtp'
    postconf -e 'smtp_tls_security_level = encrypt'
    postconf -e 'smtp_sasl_auth_enable = yes'
    postconf -e 'smtp_sasl_security_options = noanonymous'
    postconf -e 'smtp_sasl_password_maps = texthash:/etc/postfix/asiri'
    postconf -e 'smtp_generic_maps = texthash:/etc/postfix/oruko'

Nínú /etc/postfix/asiri, ìlà kan, chmod 600:

    [smtp.example.com]:587 emi@example.com:asiri

Àkámọ́ àti nọ́mbà 587 gbọ́dọ̀ rí bákan náà gẹ́lẹ́ pẹ̀lú ti relayhost. Tí ọ̀kan bá ní àkámọ́ tí èkejì kò ní, Postfix kò ní rí páásíwọọ̀dù.

/etc/postfix/oruko ń pààrọ̀ orúkọ inú ilé sí orúkọ ìta. Ẹ tẹ postconf myorigin láti mọ ohun tó yẹ kó tẹ̀ lé @ lápá òsì (tó bá tọ́ka sí /etc/mailname, ẹ ka fáìlì yẹn):

    emi@kompu emi@example.com

Láìsí èyí, lẹ́tà yóò jáde pẹ̀lú àdírẹ́sì tí kò sí níbì kankan láyé, sáfà yóò sì dá a padà. Tí ẹ bá ti fọwọ́ kan èyíkéyìí nínú fáìlì wọ̀nyí, postfix reload.

Ẹ jẹ́ kí líìnì wà ní jíjá, kí ẹ wá kọ lẹ́tà sí ara yín:

    echo "O dele?" | mutt -s "Idanwo" emi@example.com
    mailq

Lẹ́tà gbọ́dọ̀ wà nínú ìlà ìdúró, kí módẹ́ẹ̀mù sì dákẹ́. Ẹ pè (pon leta), ẹ tẹ sendmail -q, ẹ dúró díẹ̀, ẹ tún tẹ mailq. "Mail queue is empty" ni ìròyìn ayọ̀. Tí àkọsílẹ̀ bá sọ pé "No worthy mechs found", libsasl2-modules ni kò sí lórí ẹ̀rọ. Tó bá ní òun ò rí orúkọ sáfà nígbà tí ping rí i, ìdáhùn wà ní ìpele tó kàn.

6. Síso gbogbo rẹ̀ pọ̀

Gbogbo ìwé àṣẹ tó bá wà nínú /etc/ppp/ip-up.d ni pppd máa ń mú ṣe nígbà tí líìnì bá wọlé. Ẹ kọ /etc/ppp/ip-up.d/99leta:

    #!/bin/sh
    [ "$PPP_IPPARAM" = "leta" ] || exit 0
    [ -d /var/spool/postfix/etc ] && cp /etc/resolv.conf /var/spool/postfix/etc/
    postfix reload
    sleep 3
    sendmail -q
    runuser -l emi -c 'timeout 600 fetchmail'
    sleep 10
    n=0
    while mailq | grep -q '^[^ ]*\*' && [ $n -lt 20 ]; do
        sleep 10
        n=$((n+1))
    done
    poff leta

Ìlà kẹta wà torí pé lórí ọ̀pọ̀ Debian, inú yàrá àdádó ni Postfix ti ń ṣiṣẹ́, DNS tó wà nínú yàrá yẹn nìkan ló sì mọ̀. runuser wà torí pé root ni pppd, lẹ́tà sì jẹ́ ti emi. Ìràwọ̀ tí grep ń wá ni àmì tí mailq ń fi sí ẹ̀yìn nọ́mbà ìdánimọ̀ lẹ́tà tó ń lọ lọ́wọ́. Bí kò bá sí èyí tó ń lọ mọ́, poff gbé fóònù sílẹ̀.

Ẹ tẹ chmod 755 lé e. Ẹ má ṣe pè é ní 99leta.sh: orúkọ tó bá ní àmì ìdánudúró nínú, run-parts (òun ló ń mú àwọn ìwé àṣẹ náà ṣe) kì í wò ó, kì í sì í sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun ò wò ó. Mo ti fi ìrọ̀lẹ́ odindi kan wá àṣìṣe nínú ìwé àṣẹ tí kò ní àṣìṣe kankan, àmì kékeré yẹn ni.

    run-parts --test /etc/ppp/ip-up.d

99leta gbọ́dọ̀ wà lára orúkọ tó jáde. Ó yá, ẹ kọ lẹ́tà kan sílẹ̀, ẹ tẹ pon leta, kí ẹ má fọwọ́ kan nǹkan mìíràn. Lẹ́tà tí ẹ kọ gbọ́dọ̀ lọ, èyí tó wà lọ́hùn-ún gbọ́dọ̀ dé, kí líìnì sì já fúnra rẹ̀ kí idle tó dá sí i.

7. Aago ni yóò máa pè

Nígbà míì olùpèsè á dí. Ẹ kọ /usr/local/sbin/peleta, chmod 755:

    #!/bin/sh
    for i in 1 2 3; do
        /usr/bin/pon leta && exit 0
        sleep 60
    done
    exit 1

Ẹ̀ẹ̀mẹta, ó tán. Ẹ má kọ ọ́ kó máa pè títí láé. Nọ́mbà tó ti yí padà lè jẹ́ ti ẹni ẹlẹ́ni, tí fóònù rẹ̀ yóò wá máa dún ní gbogbo ìṣẹ́jú.

Nínú /etc/cron.d/leta (cron ni ètò tó ń mú àṣẹ ṣe ní àsìkò tí a bá dá, 7:05, 13:05 àti 19:05 níbí):

    5 7,13,19 * * * root /usr/local/sbin/peleta

Òfin àmì ìdánudúró kan náà mú orúkọ fáìlì níbí. Ẹ sì tẹ Enter lẹ́yìn ìlà náà, torí pé cron kì í ka ìlà tí kò ní òpin.

Àwọn kan yóò béèrè pé kí ló dé tí n kò lo demand, tó ń mú kí pppd pè nígbà tí ètò èyíkéyìí bá wá íntánẹ́ẹ̀tì. Ó ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ó fi kọ́kọ́rọ́ tẹlifóònù sọ́wọ́ gbogbo ètò inú ẹ̀rọ, títí kan àwọn tí ẹ ò mọ̀ pé wọ́n wà. Ó tún nílò kí nọ́mbà DNS ti wà nínú /etc/resolv.conf kí líìnì tó wọlé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò sí ohun tí yóò ta á jí. Ìpè àkọ́kọ́ sì máa ń kú sọ́wọ́ lọ́pọ̀ ìgbà, nítorí pé àdírẹ́sì ẹ̀rọ yí padà lẹ́yìn tí ètò ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, sysctl net.ipv4.ip_dynaddr=1 ń dín ìyẹn kù. Fún lẹ́tà, ẹ jẹ́ kí aago ṣe é. Fún kíka ojúewé, ẹ da peers/leta kọ sí peers/kika, ẹ yọ ipparam, ẹ gbé maxconnect sókè, kí ẹ sì fi ọwọ́ tẹ pon kika.

Lẹ́yìn ọjọ́ kan:

    journalctl -t pppd --since yesterday | grep 'Connect time'

Ìlà mẹ́ta ló yẹ kó wà fún ọjọ́ kan, ìṣẹ́jú díẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tí ìlà kan bá sọ 15.0 minutes, maxconnect ló já a, kì í ṣe poff: ẹ wo wákàtí yẹn nínú àkọsílẹ̀, kí ẹ wo lẹ́tà tó wà lójú ọ̀nà nígbà náà.